Ẹni Tó Ń Jókòó Sínú Mọ́tò

Màámi,

Ara mi le koko bí ọta, ẹ má fòyà. Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ iṣẹ́ mi, kí ẹ lè rí nǹkan fi yangàn lójú àwọn ẹgbẹ́ yín. Ẹ sọ fún wọn pé inú mọ́tò tuntun ni mò ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́.

Mọ́tò ọ̀hún kì í kúrò nínú yàrá ìwádìí. Ẹ̀rọ kan níwájú rẹ̀ ń fọ́n ìgbì rédíò, òmíràn lẹ́yìn ń gbà á. Irin mọ́tò a máa ta ìgbì náà padà. Ara èèyàn a máa mu ún bí iyanrìn ṣe ń mu omi. Ara tèmi ni wọ́n fi ń wọn bí èèyàn ṣe ń mu ìgbì tó nínú mọ́tò. "Má mira!" l'ọ̀gá ń sọ ṣáá. Ìwé rédíò tí mo fi ọdún márùn-ún kà, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan nínú rẹ̀. Omi ara mi ni wọ́n fẹ́.

Lánàá, wọ́n gbé ọmọlangidi kan tó ga tó èèyàn dé, omi iyọ̀ ló kún inú rẹ̀. Ọ̀gá ní ó sàn jù mí lọ, kì í húkọ́. Èmi náà ni mo gbé e jókòó sáyè mi, tí mo de bẹ́líìtì fún un.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ ní ọmọ wọn ti gbéga níbi iṣẹ́, wọ́n ti fún un ní igbákejì.