Oúnjẹ Ṣáínà tí Èmi àti Bàbá Tinú Jẹ ní Íńdíà

                                        Ojúlé Kejìdínlógún,
                                        Malu Road,
                                        Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        12 Oṣù Karùn-ún, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Àlíù,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara yín le ní Ìṣẹ́yìn? Àlíù ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Níbí, òjò ti sọ iwájú ilé wa di ẹrẹ̀, àwọn tírélà sì ti tẹ̀ ẹ́ di kòtò. Tinú ń kí ọ. Ó ń ṣe ìdánwò àṣejáde rẹ̀ lọ́wọ́.

Má bínú pé mi ò gbé ìpè rẹ. Yàrá kan náà ni èmi àti Bàbá Tinú wà tọ̀sántòru. Ẹnu wọn ti wúwo, ṣùgbọ́n etí wọn ṣì mú, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ bí mo ṣe ń ròyìn àìsàn wọn fún èèyàn. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

O mọ̀ pé oṣù kejì la lọ sí Chennai ní Íńdíà, nígbà tí ọ̀gá Bàbá Tinú àti àwọn ará mọ́sálásí wa dáwó jọ fún wa nítorí àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ṣe ọkọ mi. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ọ ni bí ọjọ́ tó kẹ́yìn ṣe rí. Dókítà obìnrin kan pè mí wọ yàrá. Ó ní jẹjẹrẹ náà ti kọjá ohun tí apá ọ̀bẹ tàbí oògùn lè ká, kí n máa mú ọkọ mi lọ sílé, kí n máa fún wọn lóògùn ìrora. Mo nu ojú mi, mo jáde lọ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, mo ní dókítà sọ pé oògùn máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n kàn ní àwọn rí ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì wa, àwọn fẹ́ jẹun níbẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi wakọ̀ fún ọ̀gá ará Ṣáínà yẹn ní Àpápá GRA. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wọn a gbé e lọ síbi tó ti ń jẹun, wọn a sì jókòó sínú ọkọ̀ níta títí ọ̀gá á fi yó. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé òórùn ẹja àti atalẹ̀ máa ń wọlé bá àwọn nínú ọkọ̀, pé lọ́jọ́ kan àwọn náà á jókòó sídìí tábìlì.

Mo kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ, tó jọ ará Íńdíà ju ará Ṣáínà lọ, nawọ́ sí àkọlé haláàlì lára ògiri. A jókòó. Àárín tábìlì náà ń yí. Èèyàn á fọwọ́ tì í, oúnjẹ á sì rìn wá bá a. Ó gbé tíì tí kò ní mílíìkì wá, ó gbé ìrẹsì wá, àti odidi ẹja tí atalẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì-méjì ló fún wa láti fi jẹ ẹ́. Gbogbo ìrẹsì tí mo bá mú ló ń já bọ́ sí mi lára. Bàbá Tinú rẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn kẹ́yìn.

Wọ́n fọwọ́ bu ẹja náà sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀, wọ́n dúró.

"Ṣé ohun tí ọ̀gá ń jẹ nìyí?"

Mo ní bóyá ẹnu wọn ló korò, nítorí ẹja náà dùn. Wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì sí i, kò lọ. Wọ́n rọra yí i wá síwájú mi.

"Ìyá Tinú, kí ni dókítà sọ?"

Mo tún pa irọ́ oògùn yẹn.

"Ilẹ̀kùn ò tì," ni wọ́n wí. "Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀."

Ẹja wà lẹ́nu mi, mi ò lè gbé e mì, mi ò lè tu ú. Wọ́n ní, "Tí a bá délé, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gbé mi kiri mọ́. Ilé ni kí n wà." Mo ṣèlérí. Wọ́n ní kí n jẹun kó má baà tutù.

Láti ìgbà tí a ti dé, Ebuka, fọkanáísà tó ń lẹ táyà níwájú ilé wa, ló ń bá mi gbé wọn lọ sí balùwẹ̀. Tí omi bá ti fẹ́ bọ́ lójú mi, á ní, "Mama Tinu, no cry, e dey hear you."

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Tinú, Àlàájì Mansur, ni ìṣòro tó kù. Wọ́n gbọ́ nípa ilé ìwòsàn kan lókè Ọya, wọ́n ní àwọn ń gbé ọkọ̀ bọ̀ ní Sátidé. Mo sọ ìlérí tí mo ṣe fún ọkọ mi fún Àlàájì. Wọ́n bi mí pé ta ló ṣe ẹlẹ́rìí. Lójú Tinú ni wọ́n ti sọ pé ìtọ́jú àbúrò àwọn ló sú mi. Mo kúnlẹ̀. Bàbá Tinú gbọ́ gbogbo rẹ̀, omi ń dà lójú wọn, ẹnu wọn kò sì lè gbè mí. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ìyẹn fún? Tí ọkùnrin mẹ́rin bá wá gbé wọn, mi ò lágbára tí mo lè fi dí ẹnu ọ̀nà. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń rò ó pé bóyá Àlàájì ló tọ̀nà.

Bá mi kí Bàbá Àlíù, kí o sì kí ìyá ọkọ rẹ dáadáa. Mo mọ̀ pé o ti ní Iléyá lo máa wá wò wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi, má dúró di Iléyá.

Èmi ni tìrẹ, bí ó ti wù kó rí,
Kafilat.