Pásítọ̀ Fọ́wáàdì àti Ìbéèrè Bàbá Kékeré Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀, kí ọ̀gá rẹ máa fi ojú rere wò ọ́, kí ẹ̀rọ tó ń gbé yín lọ sókè ilé iṣẹ́ yín má ṣe há mọ́ ọ lójú ọ̀nà. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní ṣé o ń jẹun dáadáa, ó tún ní kí n má jẹ́ kí ìwé yìí gùn jù, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé bí mo bá ti mú bírò, ó di ìgbà tí bírò bá gbẹ. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún ṣì ń dùn mí tí mo bá ń fi ayùn rẹ́ pákó, mo sì ti fi iṣẹ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀, àga àti àpótí ni mo ń kàn báyìí.

Àwọn ọ̀rọ̀ rere tí o ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi láràárọ̀ ń dé. Mo rí òdòdó tó yí wọn ká, mo rí àdàbà, mo rí iná tó ń jó tí kò sì jó nǹkan kan, mo wá sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ wa ti mọ àwòrán yà, bẹ́ẹ̀ nígbà tí o wà nílé ìwé, tí o bá ya màlúù, ajá ló máa ń jọ. Mo tún rí i pé orúkọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà máa ń wà lókè, Fọ́wáàdì. Mo gbà pé pásítọ̀ yín níbẹ̀ ni. Mo ní ọkùnrin yìí mà ń ṣe wàhálà, kó máa kọ̀wé séèyàn láràárọ̀ láì gba kọ́bọ̀. Láti oṣù kẹta ni èmi àti ìyá rẹ ti ń fi Pásítọ̀ Fọ́wáàdì sínú àdúrà, pé kí Ọlọ́run fún un lókun. Ìgbà tí obìnrin tó ń ta símẹ́ńtì lójú pópó wa fi tirẹ̀ hàn mí, òdòdó kan náà, àdàbà kan náà, mo ní ọkùnrin yìí mọ èèyàn púpọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú mi kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ bàbá kékeré rẹ ni.

O mọ bí a ṣe gbàdúrà nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà lórí àìsàn. Ọjọ́ mọ́kànlélógún la fi gbààwẹ̀. Nínú ìjọ, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ikú, pé ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀, ó ń pè é wá ni. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ọjọ́ kan obìnrin náà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní bọ̀dá mi, tí mo bá lọ, ẹ má jẹ́ kó máa dá jẹun. Mo ní kó pa ẹnu mọ́, mo ní a kọ̀ ọ́, a ò gbà á. Ó pa ẹnu mọ́ lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò lẹ́yìn ìyẹn, kò tún bá mi sọ nǹkan kan mọ́, n kò sì ní mọ ohun tó kù tó fẹ́ sọ láéláé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá kékeré rẹ kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ rere tìrẹ fi wọ inú fóònù rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá pé, ibi kò ní wọ ilé rẹ̀, àti pé kó fi í ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá. Orí iṣẹ́ ló wà, ó ń mọ ògiri ilé ìwé, ó sọ irinṣẹ́ sílẹ̀, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú símẹ́ńtì lọ́wọ́. Ó jókòó sórí àga tí n kò tíì kàn tán, ó gbé fóònù náà síwájú mi. Ó ní bọ̀dá, ṣé ìgbàgbọ́ mi tó kéré ló pa á ni, àbí Ọlọ́run ni kò fẹ́ kó yè? Ó ní nínú méjèèjì, èwo ni kí òun gbé lọ sílé?

Ọmọ mi, ọdún méjìdínlógójì ni mo ti wà nínú ìjọ yẹn. Èmi ni mo kan pẹpẹ tí wọ́n fi ń wàásù, mo mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrú. Síbẹ̀, mo kàn sọ fún àbúrò mi pé ó máa dára. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú, ó mú fóònù rẹ̀, ó lọ.

Èmi náà bá gba ọ̀dọ̀ pásítọ̀ wa lọ, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju tìrẹ lọ. Mo bá a ní ọ́fíìsì, ó ń kó orúkọ wa sínú kọ̀ǹpútà, ó sì fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè ọjọ́ tí a tún mi bí. Mo ro ó títí, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ó ní kọ̀ǹpútà kò ní gba ìyẹn, pé ọjọ́, oṣù àti ọdún ló ń fẹ́. Mo ní kó ṣe sùúrù fún mi nígbà náà, tó bá parí, màá wá sọ fún un. Mo wá gbé ìbéèrè àbúrò mi kalẹ̀. Kíá ló ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn ni fún èṣù. Mo ní iṣẹ́ ilẹ̀kùn ni mo ṣe jẹun, kó bá mi fi ìdáhùn tì í.

Kò lè tì í. Ó yí kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá ní lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn, inú mọ́tò lòun ti bi Ọlọ́run ní ìbéèrè kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba òun pé tí ìjọ bá mọ̀ pé pásítọ̀ kò mọ̀, wọn ò ní dúró. Mo ní ṣé àwa tí a dúró yìí, a mọ̀ ni? Ibẹ̀ náà ló ti là mí lójú pé Fọ́wáàdì kì í ṣe èèyàn. Ó ní ńṣe ni wọ́n kàn ń ti ọ̀rọ̀ náà látọwọ́ dé ọwọ́, pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wọn má kà á tán. Ó dùn mí díẹ̀, nítorí mo ti gbàdúrà púpọ̀ fún un.

Láti ìgbà yẹn, èmi, ìyá rẹ, pásítọ̀ àti obìnrin tó ń ta símẹ́ńtì ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mi ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí iṣẹ́ bá parí. Díẹ̀díẹ̀ la ń ka Bíbélì, a sì ti fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe àmín sí ohun tí kò yé e. Ibi tí Jésù ti sunkún níbojì ọ̀rẹ́ rẹ̀ la fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ ló béèrè pé ṣebí ó mọ̀ pé òun máa jí i láìpẹ́, kí wá ni ẹkún? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wà lórí ìyẹn. Pásítọ̀ sọ tirẹ̀, oní-símẹ́ńtì sọ tirẹ̀, ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló wá ní bóyá mímọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí kì í ní kó má dunni. Ìyá rẹ tí kò kàwé kọjá ìwé kẹfà. Mo wò ó bí ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí.

Lọ́jọ́bọ̀ kẹrin, bàbá kékeré rẹ wọlé. Ìyá rẹ ló lọ bá a jẹun, kò bá a sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kankan, ó kàn ní àwa wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, ó gbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ lé ẹsẹ̀. A ń ka ìtàn ọkùnrin tó pàdánù gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí àwọn ọ̀rẹ́ wá jókòó tì í fún ọjọ́ méje láì sọ̀rọ̀. Mo ní ọjọ́ méje yẹn nìkan ni wọ́n ṣe dáadáa. Ìgbà tí wọ́n lanu ló bàjẹ́. Pásítọ̀ ka ìparí rẹ̀, níbi tí Ọlọ́run ti bínú sí àwọn tó ń gbèjà Rẹ̀, tí kò bínú bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń ráhùn. Àbúrò mi ní kó tún ibẹ̀ kà. Ó tún un kà. Ó ní kó tún un kà sí i.

Nígbà tí a fẹ́ gbàdúrà, òun ló gbà á, a ò rán an. Ó ní Ọlọ́run, inú ń bí mi sí Ọ, ṣùgbọ́n n kò ní ẹlòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó lè ṣe àmín. Ó pẹ́ kí pásítọ̀ tó ṣe é, jẹ́ẹ́jẹ́. N kò ní purọ́ fún ọ, kò tíì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n kò tíì pa Ọjọ́bọ̀ kan jẹ.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ nìyí. Pè é. Má fi nǹkan kan ránṣẹ́, pè é kó gbọ́ ohùn rẹ. Tí o kò bá ní ọ̀rọ̀, sọ fún un pé o kò ní. Bi í léèrè nípa ìyàwó rẹ̀, ohun tó máa ń sọ, ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Má rò pé bàbá rẹ ti kúrò nínú ìgbàgbọ́. Mo ṣì ń gbàdúrà fún aláìsàn, mo ṣì gbà pé Ó ń wonisàn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tí à ń bẹ̀rù láti bi léèrè ọ̀rọ̀, mo rò pé a kò tíì súnmọ́ Ọn tó bí a ṣe ń pariwo.

A ti di mọ́kànlá ní ṣọ́ọ̀bù, àga kò sì tó. Tí owó oṣù bá ti wọlé, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra pákó, kí o sì bá mi wá Bíbélì onílẹ́tà gàdàgbà, irú èyí tí wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Jọ̀wọ́, fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé, má fi sí báńkì. Ẹ̀rọ inú ògiri tí wọ́n ní kí n lọ bá nígbà kan, mo kí i, mo ṣàlàyé ara mi fún un dáadáa, káàdì mi ló gbé mì.

Ọlọ́run tí a kò tíì mọ̀ tán yóò máa tọ́jú rẹ. Iṣẹ́ rẹ kò ní jẹ ọ́ tán. Ẹ̀rín kò ní wọ́n nínú ilé rẹ. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá sì gbé ìbéèrè tó wúwo wá bá ọ, kí Ó fún ọ ní okun láti jókòó tì í.

Èmi ni bàbá rẹ.