Bàbá Aláṣọ àti Ẹ̀bẹ̀ Tí Wọ́n Fi Lé Wa Lọ́wọ́

Ọdún 1938 ni a bí bàbá wa, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Aláṣọ, ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Ahunṣọ ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Àbúrò kan ṣoṣo ni wọ́n ní, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Aláró.

Ìwé mẹ́fà ni Bàbá kà. Ní 1961, wọ́n fẹ́ ìyá wa, tó ń ta bọ́tìnnì nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ládùúgbò. Kí ìgbéyàwó tó wáyé, ojoojúmọ́ ni Bàbá ń ra bọ́tìnnì lọ́wọ́ wọn, àwọn tí bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn kò já rí!

Ní 1966, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò dá ilé iṣẹ́ ìhunṣọ sílẹ̀. Ní 1974, wọ́n kọ́ ilé ìtajà alájà mẹ́ta síwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń hun, àbúrò ń rẹ ẹ́ láró. Òfin wọn ni pé ìgàn aṣọ kankan kò gbọdọ̀ dé orí àtẹ àfi tí Bàbá Aláró bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí omi náà yóò fi mọ́.

Ní 1979, iléèwé mọ́kànlá béèrè aṣọ búlúù. Bàbá Aláró ní omi kò tíì mọ́, kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ mẹ́rin sí i. Bàbá wa, kí Ọlọ́run foríjì wọ́n, ní kí a kó o jáde bẹ́ẹ̀. Òjò kan ṣoṣo ló tú àṣírí: ọmọ ń ti iléèwé bọ̀, ọrùn búlúù, ẹsẹ̀ búlúù. Nígbà tí àwọn òbí ya bo ilé ìtajà, Bàbá dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n nàka sí àbúrò wọn lójú gbogbo ayé, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn.  Bàbá Aláró bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà wọn, wọ́n sì lọ.

Ó dùn wá o. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni Bàbá fi ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn máa lọ bẹ̀ ẹ́. Aláró mìíràn wá, wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe tó. A ti ilé iṣẹ́ pa ní 1994, ilé ìtajà ní 2003. Alàgbà ìjọ ni Bàbá, àwọn ni wọ́n máa ń parí ìjà ládùúgbò. Ti ara wọn nìkan ni ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n parí.

Lórí ibùsùn àìsàn, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ bẹ àbúrò àwọn ní kọ̀rọ̀, nítorí pé ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àwọn ti bà á lórúkọ jẹ́. Wọ́n ní kí a tẹ ẹ̀bẹ̀ náà sínú ìwé ètò ìsìnkú àwọn yìí.

Wọ́n fi aya, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án àti àbúrò kan sáyé lọ.

Bàbá Aláró, a kò mọ̀ bóyá ẹ ó wá síbi ìsìnkú yìí. Àṣìṣe yín kọ́. Ẹ̀gbọ́n yín ni kò lè mú sùúrù, wọ́n sì mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wọ́n. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa, tiyín ni.

A ti jẹ́ iṣẹ́ yín, Bàbá wa. Kí Ọlọ́run fún yín ní oorun àsùngbádùn.