Iná Inú Àpótí Tiwaladé

Ọjọ́ Ajé, 3 Fẹ́búárì 2025
Mo dé Ọ̀bà-Ilé láti Oǹdó. Ọ̀dọ̀ Tiwaladé, ọmọ ọmọ mi, ni mo wà. Ọdún yìí ló ń jáde yunifásítì. Iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀: bí iná ṣe ń jó bébà nínú àpótí tó ń já bọ́. Ó ní ohun tó bá ń já bọ́ a dà bí ohun tí kò wúwo mọ́, iná inú rẹ̀ kì í mọ ibi tó ń jẹ́ òkè. Ọmọ mi nìyẹn o.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Oyèbọ́lá Asọ̀rọ̀-má-sinmi, tá a jọ ń kọ́ ìwé ní kíláàsì àgbà, pè mí. "Ìyá Tiwa, ẹ rán ọmọ ní yunifásítì kó lọ máa jó bébà?" Mo ní kó lọ ka A, B, D rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5
Ó burú. Mo tẹ̀ lé Tiwaladé lọ wò ó. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ dúró lóòró nínú àpótí onígíláàsì. Ó tanná sí i nísàlẹ̀, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ju àpótí láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí fóòmù. Kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn, iná ti gun bébà tán. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n dán an wò. Eérú nìkan ni fóònù tí wọ́n dè mọ́ inú àpótí láti ya iná náà ń yà. Ọ̀túnla làwọn olùkọ́ ń wò ó — bí kò bá yọrí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Kò jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo ní, kí ló dé tó o fi ń tanná nísàlẹ̀? Ó ní ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń tanná sí. Èmi tí mo fi ogójì ọdún sun oko orí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rèé. Òkè là ń ti iná bọ̀, kó máa rọra fẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá tì í bọ ìsàlẹ̀, kòkó aládùúgbò ló máa sun. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ó tanná sí bébà lókè, ó dán an wò. Iná ń rìn bí ìgbín. Àpótí já bọ́ — iná súnkì, ó di róbótó, ó di búlúù. Ó gbá mi mọ́ra.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ó yọrí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n jù ú. Àwọn olùkọ́ bi í pé ta ló kọ́ ọ láti tanná lókè. Ó ní ìyá àgbà òun ni, wọ́n wà níta. Wọ́n pè mí wọlé. Ọ̀gá wọn, baba onírun funfun, fún mi ní àga tirẹ̀. "Màmá, kí ló dé tí iná tó ń sọ̀kalẹ̀ fi ń lọ́ra?" Mo ní ooru iná, òkè ló ń lọ. Iná tó ń gòkè, ooru rẹ̀ ti yan oúnjẹ dè é. Èyí tó ń sọ̀kalẹ̀, tútù ló ń bá a.

Wọ́n wo ara wọn. Baba ní, "Èyí tó ń já bọ́ ńkọ́?"

Mo ní ìyẹn kò sí lóko mi, ẹ bi ọmọ mi.

Wọ́n bi í. Ó dìde, ó ń kọ́ wọn.