Àjẹkù Kọ́múrédì

Jímọ̀, 1 oṣù kẹjọ, 1997

Mo gbé oúnjẹ dé géètì bárékè. Ó di ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti mú ọkọ mi, Kọ́múrédì, nítorí pé ó kó àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù Àpápá jáde pé kí sójà gbé ìjọba sílẹ̀. Kò sí kóòtù. Wọn ò jẹ́ kí n fojú kàn án. Abọ́ nìkan ló ń wọlé, tó ń jáde — Akáyín, sójà ẹnu géètì, ló ń gbé e.

Kọ́múrédì ṣẹ́ ìrù ẹja kù, bíi ti àtẹ̀yìnwá. Bàbá kì í jẹun tán, ó gbọ́dọ̀ ku ti ọmọ. Oyún Tẹniọlá ló wà nínú mi nígbà tí wọ́n mú un. Àjẹkù yìí nìkan ni bàbá tí ọmọ náà mọ̀. Tó bá jẹ ẹ́ tán, á wí fún abọ́ pé, "Ẹ ṣé, bàbá."

Jímọ̀, 8

Ó ku ẹja gidi lónìí, kì í ṣe ìrù. Inú Tẹniọlá dùn. Tèmi náà.

Jímọ̀, 15

Ìdajì ìrẹsì, odidi ẹja! Mo rẹ́rìn-ín délé ní Àmùkòkò. Mo ròyìn ìfẹ́ tí Kọ́múrédì ní sí ọmọ rẹ̀ fún Ebinimi, tó ń ta ẹja fún mi ní Marine Beach. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mama Teni, abi im body no well?" Mo bínú. Mi ò dágbére fún un.

Ọjọ́rú, 20

Òjò. Ọ̀rọ̀ Ebinimi ò kúrò lọ́kàn mi.

Jímọ̀, 22

Abọ́ jáde lófìfo. Kò sí ìrù, kò sí egungun — wọ́n lá a mọ́ ni. Akáyín ò wò mí lójú. Ó ní, "Madam, oga chop everything. E sweet am."

Kọ́múrédì kì í jẹun tán.

Mo bi í pé ta ló jẹ ẹ́. Ó wọlé, ó ti géètì.

Àìsàn ló fa gbogbo àjẹkù ńláńlá yẹn. Kì í ṣe pé ó ń pín in fún ọmọ, kò lè gbé e mì ni. Lónìí, ẹlòmíràn ló lá abọ́ náà; ọkọ mi kò sí mọ́. Èmi ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run, dárí jì mí.

Nígbà tí mo délé, Tẹniọlá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, mo mú ìrù ẹja nínú ìkòkò, mo fi í sínú abọ́.

Ó jẹ ẹ́ tán. "Ẹ ṣé, bàbá."

Mo nu ẹnu rẹ̀.