Ìrẹsì Wa Ló Gba Ipò Kìíní

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé oúnjẹ ń dúró sí ọ nínú báyìí, ṣé ara ọkọ rẹ náà le bí ọta? Ọlọ́run tó fún ọ ní oyún yìí lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí a fi ń fojú sọ́nà, tí àwọn kan ti ń fi wá rẹ́rìn-ín, òun náà ni yóò bá ọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wẹ́rẹ́ lewé ń bọ́ lára igi. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n ṣáá ni kò jẹ́ kó lè di bírò mú, ó ní àgbà ló dé.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo fi ń kọ̀wé yìí. Ìrẹsì oko wa ti gba ipò kìíní! Ṣé o rántí iléeṣẹ́ etí odò, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì mọ́tò tó ti kú, tí wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀? Omi tí wọ́n bá fi ṣiṣẹ́ tán kì í ṣòfò, inú odò ni wọ́n ń dà á sí, odò yẹn náà la sì fi ń bomi rin oko. Àwọn elétò ìlera wá bu ìrẹsì wa lọ ṣàyẹ̀wò, wọ́n padà dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kó gbogbo wa jọ sí ilé ìwé. Ọ̀gá wọn dìde, ó ní òjé inú ìrẹsì kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n kan ṣoṣo lọ, ó ní tiwa jẹ́ ìwọ̀n mẹ́rin. Mẹ́rin, ọmọ mi, níbi tí wọ́n ti ń wá ẹyọ kan! Àtẹ́wọ́ sọ gbàgà. Àwọn ará abúlé òkè odò tó máa ń ní a kò mọ oko ro, ìdajì péré ni wọ́n gbà, wọ́n fìdí rẹmi pátápátá. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan láàárín àwọn elétò ìlera náà tilẹ̀ bú sẹ́kún, ayọ̀ wa ló wọ̀ ọ́ lára.

Ọ̀gá iléeṣẹ́ náà wá sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n yé dẹ́rù bà wá, ó ní ṣebí irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Òótọ́ sì ni. Nígbà tí mo lóyún rẹ, nọ́ọ̀sì ní irin ló wà nínú oògùn pupa tí wọ́n ń fún wa kí ẹ̀jẹ̀ wa lè pọ̀. Bí irin bá ń ṣe irú oore yẹn, òjé tó tún wúwo jù ú lọ ńkọ́? Ọkùnrin náà ṣèèyàn o. A gbé ìrẹsì fún un, kò fọwọ́ kàn án, ó ní kí a máa jẹ ẹ́, tiwa ni. Búrẹ́dì inú mọ́tò rẹ̀ ló jẹ, omi inú ike ló mu. Olówó tí kì í ṣe ọ̀kánjúà, mélòó la rí?

Oore rẹ̀ ti ń hàn lára ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, èyí tí a ń pè ní Rédíò nítorí ẹnu rẹ̀ tí kì í dákẹ́. Ó ti di ọmọlúwàbí. Ó lè jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kó má sọ̀rọ̀, á kàn di inú mú, á máa wo ògiri bí àgbà ìlú. Ìlà dúdú kan ti yọ sí ìdí eyín rẹ̀, ó bu ẹwà kún un. Tíṣà rẹ̀ ló ń ráhùn pé ìwé tó ń kà geere tẹ́lẹ̀ ti ń di rúdurùdu mọ́ ọn lójú. Mo ní ṣé gbogbo ayé ni yóò ya alákọ̀wé ni?

Ìdí nìyẹn tí mo fi di odindi àpò kan fún ọ, kí ọmọ inú rẹ lè jẹ nínú ògo wa. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ọmọbìnrin tó sunkún yẹn. Ó tẹ̀lé mi délé, ó yẹ ẹnu Rédíò wò, ó bèèrè bóyá aláboyún kankan ń jẹ ìrẹsì yìí. Mo ní ọmọ mi tó wà ní ìlú ńlá ni mo di àpò ẹnu ọ̀nà yẹn fún. Ló bá kúnlẹ̀, ó ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Ṣebí ìwọ lo kọ́ mi pé ohùn àwọn gbájúẹ̀ tó ń kó owó báńkì máa ń tutù, pé nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ́kọ́ tọrọ? Mo ní kò sẹ́ni tó ní fóònù nílé yìí, ni fóònù bá ké lábẹ́ ìró mi. Mo ní eku ni. Bó bá rí nọ́ńbà rẹ níbòmíràn, tó ní ọ̀rọ̀ oyún rẹ lòun fẹ́ sọ, má dá a lóhùn o.

Ní báyìí tí mo ń kọ̀wé, ó ti jókòó lé àpò ìrẹsì náà, ó ní òun kò ní dìde, àfi kí wọ́n gbé òun mọ́ ọn. Dẹ́rẹ́bà tí mo fẹ́ fi àpò náà rán sí ọ ti ń fun fèrè, ó ní lẹ́tà nìkan lòun yóò gbé, bí ọmọbìnrin náà bá dìde kí àpò máa bọ̀ lẹ́yìn.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, a fẹ́ kọ “Mẹ́rin” sí pátákó ẹnu ọ̀nà oko, kí ará òkè odò lè máa rí i. Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Gbogbo ẹni tó bá jókòó lé oúnjẹ ọmọ mi, Ọlọ́run yóò bá mi gbé e dìde. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ.