Ohun tí mo bi Kareemah

Àǹtí Fàtímọ̀,

Mo kí yín àti gbogbo ilé ní Kánò. Ara Ìyá ò tíì yá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti tán.

Olùkọ́ wa ní yunifásítì ní ká bá àwọn ọmọ tí òbí wọn kú sọ̀rọ̀ fún ìwádìí. Ní Kuta, ìyá àgbà kan tẹ̀ka sí ìwé pé òun gbà kí n bá ọmọ-ọmọ òun sọ̀rọ̀. Mo bi ọmọ náà, Kareemah: "Látìgbà tí ìyá ẹ ti kú, ṣé o ń sùn?"

"Màámi ò kú o. Ìlọrin ni wọ́n wà."

Ohun tí wọ́n ti sọ fún un nílé nìyẹn; mi ò kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó mọ̀ pé ìyá òun ti kú. Nígbà tó yá, mo padà lọ wò ó. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Olùkọ́ ní mi ò jẹ̀bi, ìyá àgbà ti tẹ̀ka.

Àǹtí, kí ni mo lè sọ fún Kareemah? Ọlọ́run ò ní jẹ́ káwọn ọmọ yín gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu àlejò.

Àbúrò yín n'Ìwó,
Ràódàt